Odò Tí Mo Bá Du Ìyá Mi

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin mìíràn ń jowú orogún, àwọn mìíràn ń jowú ìyàwó ọmọ wọn. Èmi, odò ni mo jowú. Odò gidi, tó ń ti orí òkè bọ̀ láàárín òkúta, ní apá Atakora, níhà àríwá ilẹ̀ wa lọ́hùn-ún, níbi tí àbúrò mi obìnrin lọ́kọ sí. Mo jowú rẹ̀ débi pé mo dúró létí rẹ̀ mo sì gbàdúrà kó bàjẹ́. Bọ́rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyẹn, mi ò ní bu iyọ̀ sí i.

Ní tiwa, lápá Ìdìgní, lórí ilẹ̀ Kétu tó tẹ́ rẹrẹ yìí, kò sí odò. Ilẹ̀ pupa ni, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ àti iṣu ń ṣe dáadáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi abẹ́ rẹ̀ jìn. Àwọn baba wa kò rí omi nílẹ̀, wọ́n bá gbójú sókè. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní kòtò omi tirẹ̀, tí òjò orí òrùlé ń ṣàn wọ̀. Òjò àkọ́rọ̀ kì í wọ inú rẹ̀ o, èèwọ̀ ni! Ìyẹn ló ń fọ eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí páànù. Òjò kejì, a ṣì ń wò ó. Ó di ẹ̀kẹta kí á tó ṣí ojú kòtò fún un. Lẹ́yìn náà a ó dé e, a ó jẹ́ kó sinmi, títí omi náà á fi tòrò. Bí àlejò bá wọlé, omi èṣí la máa ń bù fún un bí a bá fẹ́ kó mọ̀ pé a ka òun sí. Ẹ̀rọ omi ti wà láàárín ìlú báyìí, ó ń bàjẹ́, wọ́n ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n ìyá mi ní irin ló ń rùn, òun ò ní fi irin ra ọ̀nà ọ̀fun òun.

Nítorí náà, ọmọ tiwa, kó tó mọ àdììtú kan láyé, ti mọ̀ pé omi tó dúró ni omi mímu. Omi tó ń sáré, ọ̀gbàrá ni. Ẹrẹ̀ ló ń gbé, ìgbẹ́ ewúrẹ́ ló ń kó lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí, nítorí ó kó ìtìjú bá mi níwájú.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe. Lọ́dọọdún ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ lékọ̀lì ní ẹ̀kọ́ nípa odò: orísun, ẹ̀ka, bèbè, ẹnu odò. Àwòrán kan wà nínú ìwé wa, odò kan tó ń já láti orí àpáta. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan nawọ́, ó ní, "Mètrẹ́sì, ta ló ń da omi yẹn láti òkè?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo ní Ọlọ́run ni, kó jókòó. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé èmi náà kò mọ ohun tí mo lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti gba orí afárá odò Wẹmẹ kọjá nínú táksì lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ìyẹn fẹ̀, ó dákẹ́, kò jọ ti inú ìwé.

Ìyá mi ló ń rẹ́ kòtò jù ní gbogbo agbègbè wa. Bí ọkùnrin bá ti gbẹ́ ẹ tán, òun ni wọ́n ń pè wá. Á sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ pẹ̀lú irin ìrẹ́lé rẹ̀, á máa fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ara kòtò náà yípo, á máa bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ wí. Kòtò tí ìyá mi bá rẹ́ kì í jò. Nígbà tí bàbá wa kú, mo gbẹ́ kòtò tuntun sí àgbàlá mi, ìyá mi rẹ́ ẹ, èmi náà sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì kọ́ mi bí ọwọ́ ṣe ń lọ. Mo sọ fún un lọ́jọ́ náà pé, "Ìyá, tiyín nìyí. Ẹ ò ní mu omi ẹlòmíràn mọ́ títí ọjọ́ alẹ́." Ó ní àmín. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì.

Kò pé ọdún kan tí àbúrò mi fi bímọ.

Àbúrò mi yìí, òun ni àbígbẹ̀yìn. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀, ọmọ ibẹ̀ ni. Ó kó o lọ sí abúlé wọn lẹ́sẹ̀ òkè. Ìyá mi ní òun á lọ wẹ ọmọ fún oṣù mẹ́ta. Ta ló máa bá a jiyàn? Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe é. Mo dì í lẹ́rù, mo sìn ín dé ibi ọkọ̀ ní Kétu. Oṣù mẹ́ta di mẹ́fà. Ọmọ ti ń rákò, ìyá mi ò dé. Bí mo bá pè é lórí fóònù, ọ̀rọ̀ odò ni.

"Ọmọ mi, omi yìí kì í sùn."

"Ìyá, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

"Bó o bá jí lóru, wàá gbọ́ ọ. Ó tutù! Mo ń ki ẹsẹ̀ mi bọ̀ ọ́ láràárọ̀, orúnkún mi ò dùn mí mọ́."

"Ìyá, mo béèrè pé ìgbà wo."

"Kó o wá wò ó fúnra rẹ. Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́."

Ọ̀kẹ́rẹ́ kọ́, ikún ni! Mo fi fóònù sílẹ̀, mo lọ dúró létí kòtò mi. Omi náà tòrò, ó ń wò mí. Owú gbé mi bí ibà. Ta ló gbé ìyá yìí lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí ìfúnpá rẹ̀ ga? Ta ló ń bá a kó àgbàdo nílẹ̀ bí òjò bá ṣú? Àbúrò mi ò ṣe nǹkan kan ju pé ó fẹ́ ọkùnrin tó ní odò lẹ́yìn ilé lọ, gbogbo ẹ̀ wá di tirẹ̀. Mo búra pé bí ìsinmi Kérésìmesì bá dé, èmi fúnra mi ni n ó lọ mú ìyá mi wálé.

Ọjọ́ kan gbáko ni mo lò lójú ọ̀nà. Nígbà tó di ọ̀sán, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú níwájú wa, òkè lórí òkè, ọyẹ́ bò wọ́n lójú. Àbúrò mi wá pàdé mi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀, ẹ kú ọ̀nà." Ara rẹ̀ ń dán. Mo rò ó lọ́kàn mi pé omi ni.

Ìyá mi kò jẹ́ kí n jókòó. Ó mú mi lọ́wọ́ gba ẹ̀yìn ilé, a gba àárín igi ńláńlá kọjá, mo sì gbọ́ ọ kí n tó rí i. Ẹ gbà mí! Omi ń já láti ibi àpáta kan, ó fọ́ sísàlẹ̀, ó funfun, ó tún kó ara rẹ̀ jọ, ó gba àárín òkúta lọ, òkúta dúdú, òkúta pupa, o lè ka wọn lábẹ́ omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Igi bo bèbè rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, abẹ́ wọn tutù bí inú àmù. Àwọn obìnrin wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fọṣọ. Ìyá mi ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wọn, àwọn náà ò gbọ́ tirẹ̀, síbẹ̀ wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n sún fún un lórí òkúta. Ó ti ní ibi ìjókòó tirẹ̀ níbẹ̀! Ìyẹn ló dùn mí jù, òkúta tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un.

Òùngbẹ ń gbẹ mí. Mo wo omi tó ń sáré yẹn, gbogbo ẹ̀kọ́ ilé wa dìde nínú mi. Ọ̀gbàrá ni mo rí. Mo wò yíká, mo rí omi kékeré kan tó jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, kò mì, ó tòrò. Mo ní èyí ni ọlọ́gbọ́n ń mu. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bù ú. Àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, wọ́n ń juwọ́ sí mi. Mo rò pé wọ́n ń fi omi wọn dù mí. Mo ní, "Ẹ fẹnu yín sọ́hùn-ún, ṣé ẹ̀yin lẹ dá odò ni?" Mo tún bu ìkejì, mo mu ún lójú wọn.

Ibẹ̀ ni màlúù ti ń mumi.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, inú mi ti yí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dùbúlẹ̀, tí mò ń sáré lọ sáré bọ̀. Ìyá mi ló ń tọ́jú mi, ó ń se omi odò, ó ń fi iyọ̀ àti ṣúgà sí i fún mi. Ó ń ṣàánú mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ọmọ Kétu! Omi gidi ń ṣàn níwájú rẹ, o lọ bá màlúù du tirẹ̀. Olùkọ́ odò!" Àbúrò mi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n má baà rí i, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì. Odò náà ń dún lẹ́yìn ògiri. Lójú tèmi, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo lè jókòó, mo sọ ohun tó gbé mi wá.

"Ìyá, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti lóye, ojú ọ̀run ni mò ń wò. Ṣé á rọ̀, ṣé kò ní í rọ̀, ṣé ó kù nínú kòtò. Mo ti dàgbà. Níbí, mi ò wo ojú ọ̀run mọ́."

"Kòtò tí mo gbẹ́ fún yín ńkọ́?"

"Kòtò dáadáa ni. Èmi ni mo rẹ́ ẹ."

"Ẹ sọ pé àmín o!"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Má bínú, ọmọ mi."

Mo bínú. Kí ló kù fún mi?

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo máa lọ, ọkọ àbúrò mi ní kí n bá òun gun òkè díẹ̀, kí n rí ibi tí odò ti ń bọ̀, kí n lè rí nǹkan sọ fún àwọn ọmọ mi ní lékọ̀lì. A tẹ̀ lé bèbè rẹ̀ lọ sókè. Bá a ṣe ń gòkè ni igi ń dín kù. Wọ́n ti gé wọn sun èédú. Oko òwú ti sọ̀kalẹ̀ débi tí gbòǹgbò òwú fi ń fọwọ́ kan omi, mo sì rí àwọn agolo oògùn kòkòrò tí wọ́n ṣan sínú odò tí wọ́n jù sí bèbè. Nígbà tó yá, a dé ibi tí ẹ̀ka kékeré kan ti wọ inú odò. Omi ẹ̀ka náà pọ́n, ó ki. Ọkùnrin náà nawọ́ sókè, ó ní àwọn kan ti dé tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ wá wúrà, inú omi ni wọ́n ń fọ erùpẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun ti sọ, òun ti kọ̀wé, kò sẹ́ni tó dáhùn. "Bí wọ́n bá ń bá a lọ báyìí, odò yìí ò ní pẹ́." Omijé ń bẹ lójú ọkùnrin náà.

Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: inú mi dùn. Mo wo omi pupa yẹn tó ń wọ inú omi funfun, mo rí ọ̀nà tí ìyá mi máa gbà wálé. Mo ń mirí sí ọkùnrin náà, mo ń ní, "Ó mà ṣe o," nǹkan kan sì ń jó nínú mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọkọ̀ tó dé, mo yọ́ lọ sí odò. Mo ní, "Pọ́n. Ki. Bàjẹ́, kí ìyá mi lè rántí ilé." Èmi tí mò ń kọ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọdún méjì kọjá. Díẹ̀díẹ̀ ni ìròyìn ń yí padà. Wọ́n ní omi ti ń dọ̀tí lẹ́yìn òjò. Wọ́n ní ó ti ń dọ̀tí láìsí òjò. Ẹja ń léfòó. Ara àwọn ọmọdé ń yún wọn bí wọ́n bá wẹ̀. Òkúta àárín odò gan-an, àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń wá kó o lọ kọ́lé. Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi pè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti fi ìyá wọkọ̀. Ẹ pàdé wọn ní Kétu."

Ayọ̀ mi ò ṣeé gbé. Mo gbá àgbàlá, mo fọ àmù tuntun, mo bu omi èṣí sínú rẹ̀. Mo pàdé ìyá mi ní Kétu, mo mú un délé; ó ti rù, ó tún ti ń fi ọwọ́ ti orúnkún. Mo gbé igbá omi fún un lórí ìkúnlẹ̀. Ó mu ún tán. Ó ní, "Ẹ ṣeun, omi yín dára," bí àlejò ṣe ń sọ ọ́.

Ó wá sílé, àmọ́ kò dé. Bí òjò bá ń rọ̀, á gbé àpótí rẹ̀ lọ sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, á ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, á dijú. Bí àwọn aládùúgbò bá wá kí i, á máa sọ̀rọ̀ odò fún wọn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òkú rere. Mo wá ń jowú òkú odò. Èyí tó wà láàyè, mo lè bá a jà; èyí tó ti lọ, báwo ni n ó ṣe bá a jà?

Ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, àbúrò mi pè mí. Ó ní odò ti di ẹrẹ̀, ìrìn tí àwọn ń rìn lọ pọnmi ti jìn, ọmọ kékeré ń ya ìgbẹ́ gbuuru. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni a ṣe ń gbẹ́ kòtò omi? Mo kéré nígbà tí ìyá ń ṣe é. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀..."

Ọdún mẹ́ta gbogbo dìde sí mi lọ́fun. Mo ní, "Lọ bi odò rẹ." Mo sì pa fóònù.

Ìyá mi ń yin àgbàdo nítòsí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó tún ń yin àgbàdo rẹ̀ lọ, ọkà kọ̀ọ̀kan ń dún nínú ọpọ́n. Ìbá ṣépè fún mi, ìbá sàn.

Láàárọ̀, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti di ẹrù rẹ̀. Irin ìrẹ́lé rẹ̀ wà lórí ẹrù náà, ó ti nù ún.

"Ìyá, ibo?"

"Mò ń lọ rẹ́ kòtò fún àbúrò rẹ."

"Pẹ̀lú orúnkún yẹn?"

"Ṣé orúnkún la fi ń rẹ́ kòtò ni?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo sọ bí inú mi ṣe dùn lórí òkè, mo sọ àdúrà tí mo gbà létí odò. Mò ń sunkún. Mo ní èmi ni mo ba odò náà jẹ́.

Ìyá mi wò mí, ẹ̀rín sì bú lẹ́nu rẹ̀, irú èyí tí mi ò tíì gbọ́ láti ìgbà tó dé. "Ìwọ? Ewúrẹ́ inú ilé yìí gan-an ò gbọ́rọ̀ sí ọ lẹ́nu, odò ló máa gbọ́? Àwọn tó ń fọ wúrà nínú rẹ̀ ló bà á jẹ́, àti àwọn olóògùn òwú." Ó pa ẹ̀rín náà. "Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ béèrè omi lọ́wọ́ rẹ, o ní kó lọ bi odò. Ìyẹn, ìwọ lo ṣe é."

Mo gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e padà sínú yàrá. Mo ní, "Ẹ jókòó, ìyá. Èmi ni n ó lọ." Mo pe àbúrò mi. Kí n tó lè tọrọ àforíjì, ó ti ń ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àárọ̀," bíi pé n kò sọ nǹkan kan lánàá. Mo béèrè ibi tí ilẹ̀ ti jìn nínú àgbàlá wọn tí kò sí àpáta lábẹ́. Mo béèrè ibi tí páànù ilé ń da òjò sí. Mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́, kí wọ́n má fi sìmẹ́ńtì kan ara kòtò títí n ó fi dé.

Ìsinmi Àjíǹde dé, kẹ̀kẹ́ tó máa gbé mi lọ sí Kétu ti ń dún lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi sìn mí jáde. Ó fi irin ìrẹ́lé rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, irin tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò rí. Mo tẹ orí ba fún un, mo ń dúró de àdúrà.

Ó ní, "Kó o bá mi kí odò."

"Odò tó ti bàjẹ́, ìyá?"

"Aláìsàn là á kí jù."

Kò ní kí n kí àbúrò mi. Kò ní kí n kí àwọn ọmọ. Mo gun kẹ̀kẹ́, owú sì tún gbé mi, kò rọ̀ títí a fi dé Kétu, kò rọ̀ nínú ọkọ̀ ńlá. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mi ò tíì gbé ẹrù kalẹ̀ tí mo fi gba ẹ̀yìn ilé. Ó ṣì ń ṣàn, ó pọ́n, ó rọra ń lọ láàárín òkúta díẹ̀ tó kù. Òkúta ìyá mi wà lára wọn. Mi ò jókòó lé e.

Mo ní, "Ìyá mi ní kí n kí ọ." Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.